P.M. tó wà lábẹ́ ọrùn ọba

Màmá àgbà tó bí ìyá mi ní agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kó owó ayé àtijọ́ sí, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ná mọ́ látìgbà tí náírà ti dé ní 1973. Tá a bá lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ wọn ní Kaduna, tí iná bá lọ lálẹ́, wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á ní ká máa kà á fáwọn. Ọ̀nínì mẹ́wàá, kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ mẹ́ta, tọ́rọ́ kan. Kọ́bọ̀ mẹ́fà, sísì. Kọ́bọ̀ méjìlá, ṣílè kan. Ogún ṣílè, pọ́n-ùn kan. Àwọn tó kéré, ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀, ihò ló wà láàárín wọn, màmá àgbà sì sín tiwọn sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kò sórí ọba lára wọn torí ihò ti gba àyè orí. (Ihò yẹn náà ló jẹ́ kí owó 1936 lè jáde lórúkọ Edward kẹjọ fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, ọba tí wọn ò dé ládé rárá, tó gbé ipò sílẹ̀ ní December ọdún yẹn, orúkọ ẹ̀ ṣáà wà yíká ihò. Ẹyọ kan wà nínú agolo yẹn, èmi ni mo jogún ẹ̀.)

Ṣílè ní orí ní tiẹ̀. Ọba George kẹfà ni, ó dé adé, ó kọjú sọ́wọ́ òsì, tẹ́ ẹ bá yí i padà ẹ máa rí igi ọ̀pẹ. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e sún mọ́ àtùpà dáadáa, lẹ́tà kékeré méjì wà lábẹ́ ọrùn ọba níbi tí wọ́n ti gé e: P.M. Àbúrò ìyá mi kan sọ fún wa nígbà yẹn pé Prime Minister ló túmọ̀ sí, pé Tafawa Balewa ni wọ́n ń bá wí, mo sì gbà á gbọ́ títí mo fi dàgbà, tí mo fẹ́yàwó, tí mo kó wá sí Abuja.

Orúkọ oníṣẹ́ ọnà ni o. Percy Metcalfe. Wọ́n bí i ní Wakefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895, ó kọ́ iṣẹ́ ní Leeds kó tó lọ sí Royal College of Art ní London, ó kú ní 1970. Òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ mọ orí ọba tí àwọn bàbá wa ń ná ní Kano, ní Ìbàdàn, ní Accra, orí yẹn náà ni wọ́n ń ná ní Hong Kong àti ní Íńdíà. Àwọn tó wà ní London gan-an, orí tí ò dé adé ni wọ́n ń ná, ẹlòmíì ló ṣe tiwọn, Humphrey Paget. Ìgbà tí mo mọ èyí, ó ṣe mí bí ẹni tó ti ń bá ẹnì kan gbélé fún ogójì ọdún láì béèrè orúkọ ẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ọ̀gá wa kan ní ọ́fíìsì fẹ́ fẹ̀yìntì, wọ́n ní kí n lọ ra báàgì awọ tó dáa fún un, mo wá lọ sí Arts and Crafts Village ní àárín Abuja yìí, ibi tí àwọn Hausa ti ń ta awọ, ère, ìlẹ̀kẹ̀ àti igbá fífín. Alhaji àgbàlagbà kan tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, owó ẹyọ kún ibẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ, àti dọ́là fàdákà Maria Theresa tí wọ́n ti ń ná nílẹ̀ Hausa kí òyìnbó tó gbàjọba. Láàárín gbogbo ẹ̀ ni mo rí nǹkan róbótó kan tó ti dúdú, ó ní òrùka lórí bíi pé wọ́n fẹ́ gbé e kọ́rùn, mẹ́dàlì ni. Ọba àti olorì fèjìká kan èjìká, wọ́n dé adé, wọ́n wọ aṣọ oyè, wọ́n kọjú sọ́wọ́ òsì. Kò sí lẹ́tà kankan níwájú, kò tiẹ̀ sí etí tó yọ sókè yíká bíi ti owó. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ̀wé sí: adé kan, lẹ́tà GRI (Látìn-ìnì ni, George, ọba àti olú-ọba), àti pé wọ́n dé ọba ládé ní 12 May 1937. Mo ṣáà ń wò ó. Mo mọ ọba yẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe gé àgbọ̀n ẹ̀. Mo ní ọwọ́ tó ṣe ṣílè màmá àgbà ló ṣe eléyìí, mo sọ ọ́ síta, Alhaji wá ní "Nawa za ka bayar?", èló ni mo máa san.

Mo san án. Mo wádìí ẹ̀ lẹ́yìn náà, Metcalfe ló ṣe é lóòótọ́. Mo gbàgbé báàgì awọ pátápátá, ọjọ́ kejì ni mo tó padà lọ rà á.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kó iṣẹ́ Metcalfe jọ. Kì í ṣe pé mo lówó, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, mo sì ní ọmọ mẹ́ta tó wà nílé ìwé. Àwọn mẹ́dàlì wọ̀nyí ò wọ́n bí àwọn èèyàn ṣe rò, sùúrù ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ máa lọ síbì kan lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà ayé Metcalfe, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Oníṣẹ́ ọnà kì í gbẹ́ nǹkan kékeré yẹn ní kékeré. Á kọ́kọ́ mọ ọ́n ní ńlá bí àwo oúnjẹ, á fi amọ̀ tàbí ìda mọ ọ́n, á wá da POP lé e lórí, irú POP tá a fi ń ṣe sílìn yìí náà, kó lè gba àwòrán ẹ̀, á tún POP yẹn gbẹ́ kó gún régé. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi irin bo ojú ẹ̀ kó le. Ẹ̀rọ kan wá wà tó ní apá méjì, apá kan ń rìn lójú àwòrán ńlá yẹn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìka kàwé, apá kejì ń gé ohun kan náà sára irin ní kékeré, ó lè gbà tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Inú iyẹn ni òǹtẹ̀ ti ń jáde, òǹtẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi tẹ fàdákà. Owó, ìlù kan péré ni wọ́n ń lù ú, torí ọ̀kẹ́ àìmọye ni wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ kó lè jókòó lórí ara wọn. Mẹ́dàlì ńlá ń gba ìlù púpọ̀, wọ́n á lù ú, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á tún lù ú, ìyẹn ni imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi lè yọ sókè tí ọwọ́ á fi máa mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́ ẹ bá di mẹ́dàlì mú nínú òkùnkùn ẹ ó mọ̀ pé èèyàn ni.

Èmi tí wọ́n tọ́ sílé babaláwo (bàbá bàbá mi kú sídìí Ifá ṣáájú kí bàbá mi tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì), ọpọ́n Ifá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọpọ́n náà róbótó, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ní láti mọ ohun tó máa kó sí etí, àti ibi tó máa fi sílẹ̀ lófìfo láàárín. Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ ò lè gbẹ́ nǹkan róbótó. Metcalfe mọ̀ ọ́n. Kì í kó gbogbo irun, gbogbo bọ́tìnnì àti gbogbo òdòdó lé nǹkan lórí. Á gé ojú ọba ní pẹrẹsẹ, ìlà díẹ̀, á wá jẹ́ kí adé wúwo. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ le jù, pé kò rí bí ojú èèyàn gan-an. Mi ò gbà. Ère ìbejì náà ò rí bí ọmọ tuntun, ta ló wá sọ pé kò dáa?

Níbi tó ti yege jù, tèmi ni mò ń sọ o, owó ilẹ̀ Ireland tó jáde ní 1928. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró, wọn ò fẹ́ orí ọba kankan, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan, akéwì W. B. Yeats ni alága, wọ́n ní ẹranko ni kó wà lára ẹ̀. Wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ ọnà láti orílẹ̀-èdè tó pọ̀, wọ́n kó iṣẹ́ jọ láì kọ orúkọ sí i, nígbà tí wọ́n ṣí orúkọ, Metcalfe ló jẹ gbogbo ẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Adìyẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ wà lára kọ́bọ̀ wọn, ehoro wà lára tọ́rọ́, ajá ọdẹ lára sísì, akọ màlúù lára ṣílè, ẹja lára ṣílè méjì, ẹṣin lára èyí tó tóbi jù. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn lọ́dọ̀ ìjọba wá ní ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lára eépìnnì ò rí bí ẹlẹ́dẹ̀ tó yẹ kí àgbẹ̀ máa sìn, pé màlúù náà kù díẹ̀ káàtó, ó ní láti tún wọn ṣe. Yeats fúnra ẹ̀ kẹ́dùn pé ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ dáa ju èyí tí wọ́n lò lọ. Mo ní kọ́bọ̀ aládìyẹ yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Dublin ló mú un bọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló fẹ́ràn ẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo ní, ó máa ń ka àwọn ọmọ adìyẹ náà fún mi bí màmá àgbà ṣe ń ní ká ka owó.

Nǹkan míì tó kàn wá níhìn-ín: ní 1924 wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley fún gbogbo ilẹ̀ tí òyìnbó ń jọba lé lórí, Metcalfe mọ kìnnìún kan fún un tí wọ́n fi amọ̀ sun. Ní Wembley yẹn náà, ibi tí wọ́n kó Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone sí, ògiri bíi ti ilẹ̀ Hausa ni wọ́n mọ yí i ká, bíi ti Kano àti Zaria. Tí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ògiri ìlú àtijọ́ tó kù ní Zaria, kìnnìún yẹn ni mo máa ń rántí.

Mo ní láti sọ ti àṣìṣe mi, torí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Mẹ́dàlì àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́wọ́ Alhaji, dúdú tó dúdú yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan pé kó bá mi fọ̀ ọ́. Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́ o. Ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán òrùka, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pé. Ó ń dán bíi dígí nígbà tó gbé e fún mi, mo dúpẹ́, mo sanwó, mo délé, mo gbé e sábẹ́ iná. Àwọn òkúta iyebíye tó wà lára adé olorì ti lọ. Ìlà aṣọ oyè èjìká ọba ti lọ. Imú méjèèjì ti pẹlẹbẹ. Ohun tó ti wà láti 1937, tó la ogun kọjá, tó la òjò àti ọyẹ́ kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi pa á rẹ́. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó mi ní "Dádì Tómi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ro ó mọ́, ẹ máa rí òmíì," mo sì rí òmíì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo máa ń yọ ọ́ wò.

Fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń sọ ọ́ di dúdú, afẹ́fẹ́ ni, nǹkan kan tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń bá fàdákà pàdé, bí ẹ bá ṣe ń nù ún lẹ̀ ń nu fàdákà fúnra ẹ̀ kúrò. Ẹ fi sílẹ̀. Tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀ lára ẹ̀, omi tó mọ́ lásán, kẹ́ ẹ fi aṣọ kọ́tìn-ìn tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má ra á. Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ má fi ìka kan ojú ẹ̀. Ẹ má kó o sínú àwọn nylon rírọ̀ tó máa ń rùn bíi rọ́bà yẹn, ó máa ń ba irin jẹ́, ẹnfílọ́ọ̀pù pépà dáa jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíì, ẹ wo etí ẹ̀ yíká bóyá ìlà kan wà bíi pé wọ́n lẹ abala méjì pọ̀, torí àwọn kan ń dà á lẹ́dà, tí ojú ẹ̀ bá ní ihò wínniwínni bí èyí tí wọ́n dà, wọn ò tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nìyẹn.

Mo tún ti ṣi iṣẹ́ ẹlòmíì mú fún tiẹ̀. Alhaji pè mí lọ́jọ́ kan pé òun ti rí èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọba George karùn-ún àti olorì ẹ̀, ti 1935, nígbà tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè. Mo sáré lọ, mo rà á, mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọwọ́ yẹn rọ̀ jù. Mo wádìí ẹ̀, William Goscombe John ló ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà ní 1935. Ti Metcalfe ni èyí tí Royal Mint, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó ní London, tà fáwọn èèyàn láti fi ṣe ìrántí, kò ní òrùka, ẹ̀yìn ẹ̀ ni ààfin Windsor wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìn-ìnì pé kí ire ilé náà dúró títí. Ńlá àti kékeré ni wọ́n ṣe. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní London ló bá mi ra kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín aṣọ nínú báàgì ọwọ́, mo lọ pàdé ẹ̀ ní éápọ́ọ̀tù, kó tó kí mi ni mo ti ń béèrè mẹ́dàlì, Ọlọ́run má jẹ́ kó bínú.

Ohun kan wá wà tó ń dà mí lọ́kàn rú. Metcalfe yìí náà ló ṣe George Cross, tí ọba dá sílẹ̀ ní September 1940 nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé London lórí, fún àwọn tó bá fi ẹ̀mí ara wọn wéwu láti gba ẹlòmíì là. Wọ́n fún gbogbo erékùṣù Malta lódindi ní ọ̀kan ní 1942. Ẹ̀yìn George Cross, wọ́n máa ń fín orúkọ ẹni tó gbà á síbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lónìí mọ ẹni tó ni ín. Mẹ́dàlì 1937 ńkọ́? Nǹkan bíi 90,000 ni wọ́n pín káàkiri, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti gbogbo ibi tí wọ́n ń jọba lé, wọ́n fi ránṣẹ́ láì kọ orúkọ kankan sára ẹ̀. Sójà, ọlọ́pàá, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ṣì hàn lára ẹ̀ kedere, ẹni tí wọ́n fún ló sọnù. Tí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹbí tó bọ́ sórí aṣọ Alhaji, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni ín mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé alẹ́ẹ̀fù gbọọrọ kan. Mo dín rírà kù, ìtàn ni mò ń lé báyìí.

Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos, ló sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà ní Sabon Gari Zaria tí bàbá ẹ̀ gba irú nǹkan tí mò ń wá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kubwa láàárọ̀ Sátidé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Rigasa, mo wọ mọ́tò dé Zaria. Ilé náà ti pẹ́, páànù ẹ̀ ti pọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá wò mí títí.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ ilé wa fún wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó dìde lọ yàrá. Aṣọ òfì ni wọ́n fi wé e. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó fọ mẹ́dàlì yẹn rí, dúdú ẹ̀ ń dán bí ojú adágún omi lálẹ́, gbogbo òkúta adé olorì pé, mo rí ìlà aṣọ oyè tí mo bà jẹ́ lára tèmi. Tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ búlúù tó ní funfun àti pupa létí ti já, wọ́n ti fi òwú dúdú so òrùka ẹ̀.

Bàbá wọn jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, ìkóríta tí ojú irin ti yà sí Kaura Namoda. Ó gbà á ní 1937, ìyá ò tíì dáyé. Wọ́n rántí pé àjọ̀dún ńlá nìkan ló máa ń so ó mọ́ agbádá. Ní October 1, 1960, ó so ó mọ́ ọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe òmìnira, ará àdúgbò kan wá bi í pé kí ló dé tó fi gbé ọba òyìnbó sáyà lọ́jọ́ tí òyìnbó ń lọ.

"Bàbá mi ní, 'Èmi ni mo to irin yẹn nínú òjò, ọba ò bá mi tò ó. Iṣẹ́ mi ni mo gbé sáyà.'"

Mi ò béèrè pé kí wọ́n tà á. Mo ya fọ́tò ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo wọ̀n ọ́n, mo ṣí ìwé mi, mo ní kí wọ́n pe orúkọ bàbá fún mi. Wọ́n pè é, mo kọ ọ́, wọ́n ní kí n kà á fáwọn, mo kà á, wọ́n ní mi ò fi àmì sí i dáadáa, kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ oríkì bàbá wọn, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ká a, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ohùn wọn ò yẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò mira.

Orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú ìwé náà báyìí. Mẹ́ta nínú wọn, ẹbí ò mọ ibi tí mẹ́dàlì fúnra ẹ̀ wà mọ́, orúkọ ló kù, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mò ń lọ Jos, díákónì ní ẹnì kan wà lẹ́bàá Terminus tí bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ibi tí wọ́n ti ń wa tánganran, òun náà gba ti 1937. Mo ti pè é lórí fóònù. Ó ní kí n máa bọ̀, pé òun máa bá mi fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní kí n tó dé, mo pariwo débi pé ìyàwó mi sá jáde láti kíṣìnnì. Ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní fọ̀ ọ́. Mo tún máa pè é lọ́la.